Lágọ́ọ̀sì sí Manchester, èmi àti ọmọ méjì: bàálù wo ni kí n wọ̀ tí ẹrù ò ní dà mí láàmú?

ÌyáTèmi_Ìbàdàn

Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin ará ibí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín, mi ò kàn kì í dá sí i ni, ṣùgbọ́n lónìí mo nílò yín gan-an. Ọkọ mi ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Manchester láti ọdún tó kọjá, físà èmi àtàwọn ọmọ ti jáde, a dúpẹ́, ó ku ká ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ mi àgbà pé ọdún márùn-ún, àbúrò ẹ̀ pé oṣù mẹ́rìnlá, ó ti ń rìn, kì í jókòó síbì kan. Bàálù tí èmi wọ̀ rí láyé mi ò ju Lágọ́ọ̀sì sí Àbújá lọ, ẹ̀ẹ̀kan péré, mo sì di ọwọ́ àga mú títí a fi balẹ̀.

Ẹ́jẹ́ǹtì tí mo kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ ní Dùgbẹ̀ ní kí n gba Air Peace tó ń lọ Gatwick tààrà, pé owó ẹ̀ rọjú, pé láti ibẹ̀ kí n wọ bọ́ọ̀sì lọ Manchester. Ẹ́jẹ́ǹtì kejì ní rárá o, Qatar ni kí n gbà, kí n gba Doha. Ọkọ mi ní EgyptAir ni ọ̀rẹ́ òun bá wá lọ́jọ́sí. Àǹtí mi tó wà ní London ní tí kì í bá ti í ṣe British Airways òun ò fẹ́ gbọ́. Orí mi ti dàrú.

Ẹrù ló ń jẹ mí lọ́kàn jù. Wọ́n ní èmi ní báàgì méjì, kílò 23 23, ọmọ àgbà náà ní méjì, ìyẹn mẹ́rin ká tó sọ ti ọmọ ọwọ́. Ta ló fẹ́ gbé e? Èmi tí mo pọn ọmọ sẹ́yìn yìí? Màmá mi sì ti ń di èlùbọ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá bíi pé ìyàn mú ní Manchester. Nǹkan kejì, ẹsẹ̀ mi máa ń wú tí mo bá jókòó pẹ́, mo sì sanra díẹ̀ (ẹ má rẹ́rìn-ín), àga tó bá há jù ò lè gbà mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kó lọ rí, kí lojú yín rí? Ẹ má kàn dárúkọ bàálù fún mi o, ẹ sọ ìdí ẹ̀.

---

Ẹ̀gbáNíManny

Mọ̀mí Tèmi, ẹ kú oríire físà o. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé orúkọ bàálù kọ́ lẹ máa kọ́kọ́ wò. Ibi tí báàgì yín máa jáde sí ni kẹ́ ẹ wò.

Lọ́dún 2019 èmi, ìyàwó mi àti ọmọ kan gba tààrà lọ London torí pé tíkẹ́ẹ̀tì yẹn fi owó díẹ̀ rọjú ju èyí tó ń dé Manchester lọ. Báàgì mẹ́fà. A sọ̀ kalẹ̀, ara ti rẹ wá, otútù ń gbọ̀n wá, a wá ń wá bọ́ọ̀sì. Báàgì tí bàálù gbà ní kílò 23, National Express kílò 20 ló kọ sílẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, méjì fún ẹnì kan. Dírẹ́bà wo báàgì wa, ó wo ojú wa, àánú wa ló ṣe é. Ó lé ní wákàtí márùn-ún kí bọ́ọ̀sì tó dé Manchester, ọmọ ń sunkún, ìyàwó mi ò bá mi sọ̀rọ̀ láti Birmingham. Tẹ́ ẹ bá sì ní kẹ́ ẹ wọ rélùwéè láti Gatwick, kò sí èyí tó lọ Manchester tààrà, ẹ máa wọ inú London ná, kẹ́ ẹ kó gbogbo ẹrù yẹn kọjá lọ sí Euston kẹ́ ẹ tó wọ òmíì. Pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ẹ má dán an wò.

Ẹ kà á wò: ìgbà mélòó ni ọwọ́ yín máa kan báàgì kan? Tó bá jẹ́ Gatwick, ẹ gbé e sí kántà ní Ikẹjà, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀lìtì ní Gatwick, ẹ gbé e sí tírọ́lì, ẹ gbé e sínú bọ́ọ̀sì, ẹ gbé e jáde, ẹ tún gbé e sínú takisí. Ẹ fi mẹ́rin sọ ọ́ di púpọ̀. Tó bá jẹ́ bàálù tó balẹ̀ sí Manchester fúnra ẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ̀ ní Ikẹjà, ọkọ yín ló máa bá yín kó o sí mọ́tò lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti ilẹ̀kùn jáde. Ìyẹn lèmi ń pè ní ìrọ̀rùn.

Àwọn tó ń gbéra ní Lágọ́ọ̀sì tí wọ́n sì ń dé Manchester ò kéré. Qatar ń gba Doha, Emirates ń gba Dubai, Turkish ń gba Istanbul, EgyptAir ń gba Cairo. KLM, Air France àti Lufthansa náà ń dé Manchester, àmọ́ ti àwọn wọ̀nyẹn, ẹ béèrè ọ̀rọ̀ físà ìkọjá dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó. Ilẹ̀ Schengen ni wọ́n ń gbà kọjá, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó ń lo físà kan náà, pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà sì wà lára àwọn tí Schengen ń béèrè físà lọ́wọ́ ẹ̀ kódà tó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ pààrọ̀ bàálù ni, físà UK nìkan lè má gbà yín. Ẹ́jẹ́ǹtì míì ò ní sọ fún yín, kántà ní Ikẹjà lẹ ti máa gbọ́. Tí àǹtí yín bá sì ta kú sórí British Airways, ó ṣeé ṣe, kí wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì tó lọ láti Lágọ́ọ̀sì dé Manchester pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ máa ṣe ìmígíréṣọ̀n ní Heathrow, ẹrù yín á máa bọ̀ ní Manchester.

---

Nọ́ọ̀sìWúrà

Àǹtí mi, ẹ kú ìmúra o. Èmi náà dá gbé ọmọ oṣù mẹ́wàá àti ọmọ ọdún mẹ́ta wá lọ́dún 2023, ti ìjókòó lèmi fẹ́ sọ ní tèmi.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi fọ́tò tàn yín, ẹ̀kọ́nọ́mì fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bákan náà níbi gbogbo. Láti ẹ̀yìn àga yín dé ẹ̀yìn àga tó wà níwájú, nǹkan bí ínǹṣì 31 ni lọ́pọ̀ ibi. Irú bàálù tí wọ́n gbé sí ọ̀nà yẹn àti bí wọ́n ṣe to àga ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Boeing 777 ti Emirates, àga mẹ́wàá ló wà lórí ìlà kan: mẹ́ta, mẹ́rin, mẹ́ta. Dreamliner, ìyẹn 787, mẹ́sàn-án ni, A350 ti ọ̀pọ̀ wọn náà mẹ́sàn-án, mẹ́ta mẹ́ta mẹ́ta. Airbus A330 lèmi fẹ́ràn jù fún ìyá tó bá ń kó ọmọ, méjì, mẹ́rin, méjì ni. Ẹ gba méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ọmọ àgbà jókòó sídìí fèrèsé, ẹ̀yin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ọmọ ọwọ́ lórí itan yín, kò sí àlejò kankan láàárín yín tẹ́ ẹ máa máa bẹ̀ pé kó dìde. Ẹ wo irú bàálù tí wọ́n kọ sídìí tíkẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ wá lọ wo àwòrán àga ẹ̀ lórí ìkànnì aeroLOPA. Ṣùgbọ́n wọ́n lè pààrọ̀ bàálù lọ́jọ́ yẹn gan-an o, ẹ má fi ṣe ẹ̀jẹ́.

Dreamliner àti A350 tún ní àǹfààní kan tí ojú ò rí. Afẹ́fẹ́ inú wọn dà bí ìgbà téèyàn wà lórí òkè tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6,000, àwọn bàálù àtijọ́ lè dé 8,000. Etí kì í fi bẹ́ẹ̀ dunni, ọ̀nà ọ̀fun kì í gbẹ tó tàwọn yòókù. Mo rí ìyàtọ̀ ẹ̀ lára ọmọ mi. Tí bàálù bá ń gbéra àti tó bá ń balẹ̀, ẹ fi ọmú tàbí ike omi sí i lẹ́nu, kó máa mu, etí ẹ̀ á ṣí.

Wọ́n máa sọ fún yín pé kẹ́ ẹ béèrè àga iwájú ògiri, níbi tí wọ́n ti ń so bẹ́ẹ̀dì ọmọ kékeré mọ́ ògiri. Ẹ rọra o. Bẹ́ẹ̀dì yẹn kì í gbà ju nǹkan bíi kílò 11 lọ lọ́pọ̀ ibi, ọmọ oṣù mẹ́rìnlá tó jẹun kánú lè ti kọjá ẹ̀. Èyí tó wá kàn yín gan-an, ní àga iwájú ògiri yẹn, inú apá àga ni wọ́n ń tọ́jú tábìlì oúnjẹ sí, torí náà apá àga ò ṣeé gbé sókè, àga ẹ̀ sì tún há ju tàwọn yòókù lọ. Fún àwa tí Ọlọ́run fi ìdí jíǹkí, ìyà ni. Ẹ jókòó sẹ́yìn níbi tẹ́ ẹ ti lè gbé apá àga àárín sókè, kí ọmọ àgbà fi orí lé yín lára kó sùn. Ẹsẹ̀ wíwú, ẹ ra sọ́ọ̀sì tó ń fún ẹsẹ̀ mọ́ra, wọ́n ń tà á ní fámásì, ẹ mu omi, ẹ máa dìde. Ọmọ yín ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ jókòó lọ́nàkọnà.

Tíkẹ́ẹ̀tì ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì tó máa jókòó lórí itan, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá owó tàgbà ni. Kílò ẹrù ẹ̀ yàtọ̀ láti bàálù sí bàálù, ẹ béèrè. Kẹ̀kẹ́ ọmọ, wọ́n sábà máa ń gbé e lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ máa tì í dé ẹnu ọ̀nà bàálù.

---

Àgbà_Peckham

Ìyàwó wa, má jẹ́ kí wọ́n kó ọ lọ sí aṣálẹ̀ o. Mo ka gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ, ó dáa, àmọ́ kò sẹ́ni tó ka wákàtí fún ọ. Lágọ́ọ̀sì sí London, wákàtí mẹ́fà àbọ̀. Ó ti tán nìyẹn. Lágọ́ọ̀sì sí Doha nìkan nǹkan bíi wákàtí méje ni, o máa sọ̀ kalẹ̀, o máa dúró, o tún máa gun òmíì, Doha sí Manchester tún lé ní méje. Ibi tó ò ń lọ wà lápá àríwá, wọ́n kọ́kọ́ gbé ọ lọ sí ìlà-oòrùn ná! Pẹ̀lú ọmọ tó ti ń rìn. Ìgbà tó bá fẹ́ sáré nínú ẹ́pọ́ọ̀tù Dubai láago mẹ́ta òru, wàá rántí mi.

Èmi ń ti Lágọ́ọ̀sì wá sí ìlú yìí láti 1988, mo ti wọ gbogbo ẹ̀. Nígbà kan, àwọn bàálù òkèèrè mọ̀ pé ọwọ́ àwọn nìkan la wà, iye tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń gbà. Láti 30 March 2024 tí Air Peace ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí Gatwick ni owó àwọn yòókù ti rọ̀ díẹ̀. Ẹ má sọ pé ẹ ò rí i. Èmi ti bá wọn lọ ilé lẹ́ẹ̀mejì, oúnjẹ wọn dùn mọ́ mi lẹ́nu. Ọkọ rẹ gbọ́dọ̀ lè yá ọkọ̀ ńlá kan kó wá pàdé yín ní Gatwick. Ọkùnrin ni.

---

Ẹ̀gbáNíManny

Ẹ̀gbọ́n, mo júbà o, àmọ́ ẹ jẹ́ ká ro ó wò. Láti Manchester sí Gatwick lé ní máìlì 200 lálọ nìkan, ká má tíì sọ ti àbọ̀, fún nọ́ọ̀sì tó lè jẹ́ pé iṣẹ́ òru ló ń bọ̀. Owó ọkọ̀ tí wọ́n máa yá, owó pẹtiróòlù. Òfin ibí sì ni pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìlá, tí kò sì tíì ga tó sẹ̀ǹtímítà 135, gbọ́dọ̀ jókòó nínú àga ọmọdé, torí náà méjì ni wọ́n máa wá. Owó tí tíkẹ́ẹ̀tì fi rọjú ti parẹ́ nìyẹn. Ti wákàtí, òótọ́ lẹ sọ, mi ò jiyàn. Àmọ́ Istanbul àti Cairo ò jìnnà tó Doha, Istanbul sí Manchester kò ju wákàtí mẹ́rin àti díẹ̀ lọ.

---

Àgbà_Peckham

Ó dáa, mo gbà fún ẹ níbi Istanbul. Doha, mi ò gbà.

---

TẹlẹríKántà

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Mo jókòó sí kántà check-in ní Ikẹjà fún ọdún mẹ́rin, mi ò ní sọ ti ta ni. Ohun tí mo rí lójú èèyàn níbẹ̀ pọ̀: ìyàwó tó ń tú ìkòkò ọbẹ̀ sílẹ̀ níwájú àwọn àna ẹ̀, bàbá tó wọ kóòtù mẹ́ta léra wọn nínú oòrùn Lágọ́ọ̀sì torí kílò. Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kó má ṣẹlẹ̀ sí yín.

Ẹ wo orí tíkẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó sanwó, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ́jẹ́ǹtì. Tẹ́ ẹ bá rí 2PC, báàgì méjì ni. 1PC, ẹyọ kan. Tẹ́ ẹ bá rí 30K, kílò 30 ni gbogbo ẹrù ẹni yẹn lápapọ̀. Ọ̀pọ̀ bàálù tó ń gbéra lọ́dọ̀ wa ló ń fún ẹ̀kọ́nọ́mì ní méjì, kílò 23 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n bàálù kan náà lè ta tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta tí ẹrù wọn ò dọ́gba, èyí tó pọ́ọ́kú jù sì lè má ní ju ẹyọ kan lọ tàbí kó má ní rárá. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú. Wọ́n á ní àwọn rí tíkẹ́ẹ̀tì tó dínwó, wọ́n á wá san èlé ẹ̀ ní kántà. Báàgì àfikún, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ ti rà á ṣáájú, ó sábà máa ń dínwó ju ti kántà lọ.

Kílò 23 ti báàgì kan ò ṣeé yá èkejì o. Kì í ṣe pé ẹ máa kó 30 sí ọ̀kan, 16 sí èkejì, kẹ́ ẹ ní ó dọ́gba. Kílò 32 sì ni òpin, ohun yòówù tẹ́ ẹ bá san, ẹ̀yìn àwọn tó ń gbé e ni wọ́n ń dáàbò bò. Gígùn, fífẹ̀ àti gíga báàgì tẹ́ ẹ bá rò ó pọ̀ kò gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 158 lọ lọ́pọ̀ ibi, wíìlì àti ọwọ́ ẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn báàgì gbàǹgbà ínǹṣì 32 tí wọ́n ń tà ní Balógun yẹn, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ti kọjá bẹ́ẹ̀, ínǹṣì 28 tó yín. Ẹ gbé e lófìfo sórí ìwọ̀n kẹ́ ẹ tó rà á. Báàgì míì, òun nìkan ti jẹ kílò márùn-ún, ẹ máa wá máa gbé báàgì lọ fún báàgì. Ìwọ̀n kékeré téèyàn ń fi ọwọ́ gbé, ẹ ra ọ̀kan, kò wọ́n, àmọ́ ẹ wọ̀n ọ́n sí kílò 22 torí tilé àti ti ẹ́pọ́ọ̀tù kì í bára wọn mu.

Ti ọwọ́ ni àwọn bàálù ti yàtọ̀ síra jù, kò sì sẹ́ni tó ń wò ó. Qatar àti Emirates, kílò 7 péré. Turkish 8. Virgin 10. KLM 12, pẹ̀lú pọ́ọ̀sì yín nínú ẹ̀. British Airways ń gbà dé kílò 23 níwọ̀n ìgbà tẹ́ ẹ bá ti lè fi ọwọ́ ara yín gbé e sókè. Fún ẹni tó pọn ọmọ, kílò púpọ̀ lọ́wọ́ ò wúlò o, ìyà lásán ni. Ìwé ẹ̀rí gbogbo, káàdì abẹ́rẹ́ àwọn ọmọ, oògùn, góòlù tẹ́ ẹ bá ní, aṣọ ìpààrọ̀ kan kan fún gbogbo yín, ọwọ́ ni wọ́n ń wà. Power bank ò gbọdọ̀ wọ báàgì tí wọ́n ń gbé sísàlẹ̀ láéláé.

Tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ rà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Tí ẹnikẹ́ni bá ní òun á so méjì pọ̀ fún yín kó lè dínwó, ẹ sá. Báàgì lè má kọjá fúnra ẹ̀, tí bàálù àkọ́kọ́ bá sì pẹ́, ti kejì ò ní dúró dè yín, kò sì sẹ́ni tó máa dáhùn. Tí wọ́n bá ti so bébà mọ́ báàgì yín ní Ikẹjà, ẹ kà á níbẹ̀: MAN, ìyẹn àmì ẹ́pọ́ọ̀tù Manchester, ló gbọ́dọ̀ wà lórí ẹ̀. Ẹ ya fọ́tò báàgì kọ̀ọ̀kan, níta àti nínú.

Tí báàgì kan ò bá jáde, ẹ má kúrò níbi bẹ́ẹ̀lìtì láìgba ìwé tí wọ́n ń pè ní PIR, ìyẹn ẹ̀rí pé ẹ ti fi ẹjọ́ báàgì náà sùn. Ẹ gbọ́ ọ, ẹ má kúrò! Tó bá bàjẹ́, ọjọ́ méje lẹ ní láti kọ̀wé. Tó bá pẹ́ kó tó dé, ọjọ́ 21 látìgbà tẹ́ ẹ gbà á, tí ọjọ́ 21 bá sì kọjá láìdé, a ti lè pè é ní èyí tó sọnù. Lábẹ́ àdéhùn Montreal, òfin àgbáyé lórí ìrìnàjò bàálù, iye tó pọ̀ jù tí wọ́n lè san fún èèyàn kan láti 28 December 2024 ni SDR 1,519 (SDR ni owó ìṣirò tí wọ́n ń lò láàárín àwọn orílẹ̀-èdè), ó lé díẹ̀ ní pọ́n-ùn 1,500. Fún èèyàn ni o, kì í ṣe fún báàgì. Nítorí náà ẹ má kó gbogbo léèsì ìgbéyàwó yín sínú ẹyọ kan. Ẹ da aṣọ àwọn ọmọ àti tiyín pọ̀ mọ́ra wọn nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó jẹ́ pé tí ọ̀kan bá ṣáko, gbogbo yín ṣì máa rí nǹkan wọ̀.

---

Ọmọ_Oǹdó_Houston

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bọ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ́ ẹ bá ń ka èyí, tiwa yàtọ̀ o. Ibi tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ balẹ̀ sí lórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà lẹ ti sábà máa ń gba gbogbo báàgì yín, ẹ máa kó o kọjá kọ́sítọ́ọ̀mù, ẹ tún máa dá a padà fún wọn. Delta ń gbé yín dé Atlanta, United ń gbé yín dé Washington, Houston tí United ń dé tẹ́lẹ̀ ti dópin láti 2016. Torí náà, bí wọ́n tiẹ̀ kọ IAH, ìyẹn àmì ẹ́pọ́ọ̀tù Houston, sára báàgì yín, ẹ má lọ jókòó ní Atlanta láìgba báàgì yín. Bàbá mi ṣe bẹ́ẹ̀. Báàgì wọn sun ibẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, irú wà nínú ẹ̀.

---

Nọ́ọ̀sìWúrà

Ọjọ́ mẹ́ta, irú! Ẹ̀yin ará Atlanta, ẹ jọ̀ọ́ ẹ forí jì wá.

---

ÌyáTèmi_Ìbàdàn

Mo kí gbogbo yín, Ọlọ́run á máa bá yín ṣe é. Mo fi ọ̀rọ̀ yín han ọkọ mi lálẹ́ àná lórí fídíò, a jọ jókòó tì í. Gatwick ti jáde kúrò níbẹ̀ (ẹ̀gbọ́n Peckham, ẹ má bínú sí mi o). Èyí tó gba Cairo ló dínwó jù nínú àwọn tó kù, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí a fẹ́ yẹn, wákàtí mẹ́tàlá ni wọ́n ní ká fi dúró níbẹ̀, mo sì rí i lójú ọkàn mi bí àbúrò Tèmi ṣe máa ya ẹ́pọ́ọ̀tù yẹn sí méjì. Èyí tó gba Istanbul, wákàtí mẹ́ta ni ìdúró ẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, mo rí 2PC lójú ara mi, bàálù tó máa gbé wa láti Lágọ́ọ̀sì sì jẹ́ A330. Owó tó fi lé, ọkọ mi ní òun á ṣe òfátáìmù ẹ̀.

Báàgì mẹ́rin ni mo ní, mo ti pinnu pé mẹ́ta ni mo máa dì. Mi ò lè rù ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó ku ẹjọ́ màmá mi. Wọ́n ti di èlùbọ́, gàrí, ẹ̀gúsí, ata gígún, edé, ẹja gbígbẹ, wọ́n wá fi pọ̀nmọ́ àti ẹran gbígbẹ sí i, wọ́n ní ọmọ àwọn ò ní jẹ ìjẹkújẹ. Èwo ló máa kọjá nínú ẹ̀?

---

Ẹ̀gbáNíManny

Ẹran àti pọ̀nmọ́ ò gbọdọ̀ wọ ibí láti Nàìjíríà, bó ṣe wù kó gbẹ tó, kọ́sítọ́ọ̀mù máa gbà á ni. Wàrà àti wàràkàṣì náà bẹ́ẹ̀, àyàfi mílíìkì oníyẹ̀fun ti ọmọ ọwọ́ tí wọn ò tíì ṣí, kò gbọdọ̀ ju kílò méjì lọ. Ẹja gbígbẹ lè wọlé, kílò 20 ni wọ́n gbà fún ẹnì kan, ẹ kàn dì í kó má rùn. Iṣu tútù àti ewé tútù ń béèrè ìwé ẹ̀rí, ẹ fi sílẹ̀. Èlùbọ́ àti gàrí, ẹ mú kílò mẹ́ta mẹ́ta fún ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ dé, ó tó. Ṣọ́ọ̀bù ọmọ Nàìjíríà wà ní Cheetham Hill, ó wà ní Moss Side, gàrí Ìjẹ̀bú wà níbẹ̀, èlùbọ́ wà níbẹ̀, kódà àgbo wà. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni télọ̀ tó mọ ìwọ̀n yín. Ẹ rán aṣọ wá.

---

ÌyáTèmi_Ìbàdàn

Mo ti ka èyí fún wọn. Wọ́n ní ta ni Ẹ̀gbá yẹn, pé ṣé òun ló máa kọ́ àwọn bí wọ́n ṣe ń di ẹrù ọmọ àwọn. Wọ́n ti yọ pọ̀nmọ́ o. Wọ́n wá fi èlùbọ́ dí àyè ẹ̀.

---

TẹlẹríKántà

Ẹ gbé e sórí ìwọ̀n lóru ọjọ́ tó bá ku ọ̀la, nígbà tí màmá bá ti sùn. Kẹ́ ẹ sì sun Ikẹjà mọ́jú, ẹ má fi ọjọ́ ìrìnàjò jáde láti Ìbàdàn, ẹ mọ bí ọ̀nà yẹn ṣe rí.